Ojú Mi Nínú Àwòrán Ìyá Olóògbé

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó lè yọjú lójú fèrèsé ilé wa ní Ìsọlọ̀, ohun méjì ni mo bẹ̀rù: ọkọ̀ òfúrufú tó ń fò kọjá lórí òrùlé wa bíi pé yóò ṣí páànù gbé lọ, àti ìyá mi. Ọkọ̀ òfúrufú a tilẹ̀ máa kọjá lọ. Tíṣà ni ìyá mi, ọmọ Èkìtì tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bíírò pupa kì í kúrò nínú irun wọn, kò sì sí ohun tí mo kọ rí tí wọn kò fa ìlà sí, títí kan káàdì ọjọ́ ìbí tí mo kọ sí wọn. Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ tíṣà, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, màá fọ sọ́ọ̀kì àti yunifọ́ọ̀mù mi, màá pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, màá wá fi ẹ̀pà díẹ̀ mu gààrí. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa pè mí sí eré tẹ́ǹtẹ́ẹ̀n níta. Èmi a dọ́gbọ́n yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Dúpẹ́, ayàwòrán tó wà ní ilé kejì sí tiwa. Àwòrán àwọn olóògbé ni wọ́n ń yà jù, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé síwájú pósí lọ́jọ́ ìsìnkú. Òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì ló máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀, pé ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán òkú kì í ṣe ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Ìbéèrè ló ń gbé mi lọ. Ta ló kọ́ yín ní àwòrán? Ṣé ẹ máa ń bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń yà á? Kí ló dé tí ẹ ò lọ́kọ? Àǹtí Dúpẹ́ kì í bínú. Wọn á kàn ní, "Ọmọ yìí, ẹnu ẹ kì í rẹ̀ ẹ́ ni?"

Lọ́jọ́ kan, obìnrin oníṣòwò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, wá pé kí wọ́n bá òun ya ìyá òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá náà yà láyé ló mú wá. Kòkòrò ti jẹ ojú rẹ̀, ó ku gèlè àti àgbọ̀n. Bó ti ń ṣàlàyé bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí, ó yíjú, ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bú sẹ́kún.

"Ojú Màámi rèé! Ojú Màámi gan-an rèé!"

Àǹtí Dúpẹ́ wò mí títí. Wọ́n ní ara ló ń gbó, ojú kì í gbó, ṣùgbọ́n àwọn ò lè wo ojú ọmọ ọlọ́mọ ya olóògbé láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo ní mo ti sọ fún ìyá mi, wọ́n sì ti gbà. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àdéhùn wa ni pé bí mo bá lè jókòó láìmira títí ọkọ̀ òfúrufú mẹ́ta yóò fi kọjá, màá béèrè ìbéèrè kan, wọn á sì dáhùn láìfi nǹkan kan pamọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó. Imú ń yún mi, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, n kò mira. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ pé èédú ni wọ́n kọ́kọ́ fi yàwòrán, lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Abẹ́òkúta. Pé bàbá wọn dáná sun ìwé àwòrán wọn àkọ́kọ́. Pé nígbà mìíràn, bí àwòrán bá ti jọ olóògbé jù, wọ́n máa ń sunkún kí wọ́n tó gbé e fún ẹlẹ́bí. Kò sí àgbàlagbà tó bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ràn wọn dénú.

Ní ọjọ́ Ẹtì, tí ìsìnkú ku ọ̀la, Àǹtí Dúpẹ́ gbé àwòrán náà síta kó gbẹ. Mo wà lórí àpótí mi lójú fèrèsé nígbà tí ìyá mi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo rí wọn tí wọ́n kọjá àwòrán náà, tí wọ́n dúró, tí wọ́n wá fi ẹ̀yìn rìn padà. Àpò ìwé bọ́ lọ́wọ́ wọn. N kò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ọmọ mi tó wà láàyè lẹ fi ṣe òkú?"

Kí wọ́n tó fà mí débẹ̀, àdúgbò ti pé. Obìnrin Ìjẹ̀bú náà ti wá gbé àwòrán rẹ̀, ó dì í mú gírígírí. Ìyá mi di etí mi mú. "Ta ló ní kí o wá jókòó fún wọn?"

Mo wo ojú ìyá mi, mo wo ojú Àǹtí Dúpẹ́. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ ò ju pé èmi ni. Mo ní, "Wọ́n fi bisikíìtì tàn mí ni, mà."

Àǹtí Dúpẹ́ kò jiyàn. Wọn kò sọ pé mo ní ìyá mi ti gbà. Wọ́n kàn wò mí, bí wọ́n ṣe máa ń wò mí kí wọ́n tó fa ìlà. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ṣadé. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe." Lójú gbogbo wa, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ọ̀dà pa ojú náà rẹ́, wọ́n sì ya ojú dídì sípò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé ìyá náà lọ sí ìsìnkú rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ń sùn. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún tẹ̀lé àwòrán náà, nítorí ojú ìyá rẹ̀ tó rí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tún ti lọ.

Ìyá mi fi mí sórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ sókè, títí n kò fi lè ka iye ọkọ̀ òfúrufú mọ́. Ṣùgbọ́n ìyà Àǹtí Dúpẹ́ ló pọ̀ jù. "Ẹni tó ń fi bisikíìtì tan ọmọ" ni àdúgbò sọ wọ́n dà. Oníbàárà kò yà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Kí Kérésì tó dé, wọ́n ti kó lọ, mo sì wà lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù. Wọn kò gbójú sókè.

Lónìí, iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ayàwòrán àti agbẹ́gilére sọ̀rọ̀ nípa ayé wọn àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, láti Òṣòdì títí dé Àjàó Estate, kí n sì kọ ọ́ fún àwọn òǹkàwé. Àwọn ènìyàn ní mo mọ ìbéèrè í béèrè. Wọn ò mọ ẹni tó kọ́ mi. Lóṣù tó kọjá, mo wá Àǹtí Dúpẹ́ kàn ní Àjàó Estate, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n dá mi mọ̀ kí n tó dárúkọ ara mi. "Ojú kì í gbó," ni wọ́n wí. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ lé e.

"Lónìí, èmi ni mo ní ìbéèrè. Ọ̀kan péré ni. Ìyá ẹ, ṣé wọ́n ti mọ̀?"

Mo ní rárá. Wọ́n ti fóònù náà padà sí mi. "Lọ sọ fún wọn ná. Lẹ́yìn náà, kí o wá bi mí ní ohunkóhun tó bá wù ẹ́."

Láyé ìgbà yẹn, fọ́tò kan ṣoṣo ni ènìyàn lè ní, kòkòrò a sì tún jẹ ẹ́. Lónìí, àwòrán ìyá mi tó wà nínú fóònù ọmọ mi nìkan kò lóǹkà. Ìgbà yẹn, ọmọ kì í wo àgbà lójú sọ̀rọ̀. Lónìí, àwọn ọmọ mi ń bá mi jiyàn, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò lè di ẹnikẹ́ni létí mú mọ́, èmi ni mo ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti jókòó tì wọ́n lóṣù yìí, tí mo la ẹnu, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo wá kọ ọ́, nítorí wọ́n ṣì ń ka gbogbo ohun tí mo bá kọ, awò lójú, bíírò pupa lọ́wọ́.

Màámi, bí ẹ bá kà á débí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sí ibi tí mo ti ṣì í. Kò sí bisikíìtì kankan. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.