Bí Gáspà Ṣe Gba Orúkọ Rere Rẹ̀ Padà Lọ́wọ́ Àwọn Ológun

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, àwọn ọ̀gá ológun sì ti ń gba ìjọba lọ́wọ́ ara wọn bí ẹni ń du àga. Akọ̀wé ni mí ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Dassa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní gáà, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ní kí n kọ ìrírí mi sílẹ̀, mo mọ̀ pé ìyanṣẹ́lódì ńlá lẹ ń retí. Ẹ fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀wọ̀n àti kóńdó. Àwọn yẹn wà, mo sì lè sọ wọ́n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n èyí tí mo bá rántí tí ara mi ṣì máa ń fúyẹ́ ni ti ọkùnrin kan ṣoṣo àti ìwé kan ṣoṣo.

Gáspà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọmọ Kèrè tí kò jìnnà sí Dassa ni. Ó ti ṣe sójà fún ọdún mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àpótí onígi kan, kò wọ aṣọ ológun mọ́. Ó bá mi nídìí iṣẹ́ mi, ó ní òun gbọ́ pé a ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ibi tí ojú irin ti dábùú títì. Òótọ́ ni, a ń wá ẹnì kan. Gáspà ga, ó gbọ́ Faransé, kì í mutí. Inú mi dùn, mo ní kó mú ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun wá.

Ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀ kó tó yọ ọ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó fi bárékè sílẹ̀ láìgbàyè fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, àti pé nítorí ìwà burúkú ni wọ́n ṣe lé e. Ẹni tó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ dání, kò sí iṣẹ́ ìjọba tó lè ṣe mọ́ láyé, tiwa náà sì wà lára iṣẹ́ ìjọba.

“Kí ló gbé ọ kúrò ní bárékè?” ni mo bi í.

“Ọ̀rọ̀ ilé ni, ẹ̀gbọ́n.”

“Ọ̀rọ̀ ilé wo?”

“Ọ̀rọ̀ ilé ni.”

Inú mi kì í pẹ́ bí, ẹni tó bá mọ èmi Ràímì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò ó pé obìnrin ló lọ bá. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí bárékè, wọ́n sì tì í mọ́lé fún oṣù méjì kí wọ́n tó lé e. Ẹni tó fẹ́ sá lọ, kí ló ń padà wá ṣe? Mo lọ bẹ ọ̀gá gáà pé kó má tíì fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ó ní òun yóò dúró títí òjò àkọ́kọ́, òun ò lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe Gáspà nìkan ló gbé irú ìwé yẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, mo rí àwọn mìíràn ní Tré, mo rí wọn ní Aklampa. Kálukú ti kọ lẹ́tà tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí èsì gbà. Mo kó wọn jọ, a lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ilé ìjọba agbègbè fún ọjọ́ mẹ́ta. A ò pariwo, a ò sọ òkúta, a kàn jókòó débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti ré wa kọjá. Àwọn ìyàwó wọn ń gbé oúnjẹ wá bá wọn. Lọ́jọ́ kẹta, àwa òṣìṣẹ́ ojú irin ní a ò ní kó òwú sínú ọkọ̀ mọ́ títí wọn yóò fi dá àwọn èèyàn wọ̀nyí lóhùn. Kíá ni tẹligíráàmù lọ sí Cotonou. Èsì tó bọ̀ ni pé ọ̀gá ológun kan ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ wọn, ọjọ́ kan péré ni yóò sì fi gbọ́ ọ. A jó lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyí o. Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá Gáspà ti kú, wọ́n sì sìnkú rẹ̀ tìlù-tìfọn nígbà ọyẹ́. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìsìnkú bàbá rẹ̀ ló lọ, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ gba ìwé ikú bàbá rẹ̀.

“Ẹ má gba ìwé yẹn, ẹ̀gbọ́n,” ló wí.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ mi ni. Mo gba ìwé náà, mo kì í bọ inú fáìlì rẹ̀, mi ò tilẹ̀ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e kalẹ̀ fún ọ̀gá ológun náà.

Ọ̀gá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ apá gúúsù ni, ó wọ jígí, kì í sáré sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan Gáspà, ó ka ìwé kan, ó ka èkejì, ó tún padà sí èkíní. Ó wá gbójú sókè.

“O kúrò ní bárékè ní oṣù Kẹsàn-án.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.”

“Nítorí ikú bàbá rẹ.”

Èmi ni mo dáhùn láti ẹ̀yìn pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Oṣù Kejìlá ni bàbá rẹ kú. Ìwé tẹ́ ẹ mú wá fúnra yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé o ti lọ sin ín kó tó kú ni?”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Orí mi gbóná, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn ológun kàn ń wá ọ̀nà láti tẹ mẹ̀kúnnù mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀gá náà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ta ni ẹ́?”

“Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mí.”

“Akọ̀wé, ìwé tìẹ ló ń dá a lẹ́bi, kì í ṣe tèmi. Jókòó.”

Mo jókòó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Gáspà. Mo ń ronú pé èmi tí mo ní mo fẹ́ gbà á là ni mo bá tiẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Ìyá àgbà kan ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá Gáspà ni, òun ló sì tọ́ Gáspà láti kékeré. Ó dìde, ó wọlé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èdè Ìdààṣà ló ń sọ, olùkọ́ kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé.

“Ta ló sọ fún un pé oṣù Kejìlá ni àbúrò mi kú?”

“Ìwé ni, ìyá,” ni olùkọ́ náà wí.

“Ta ló sọ fún ìwé?”

Olùkọ́ wo ọ̀gá ológun, ọ̀gá ní àwọn ará ilé olóògbé ni.

“Àwa ni. Ọjọ́ tí a yìnbọn, tí a sunkún, tí ayé wá jẹun la sọ fún wọn. Àbúrò mi ti wà nínú ilẹ̀ kí irè oko tó délé.”

Gbogbo àwọn ará Kèrè tó wà níbẹ̀ doríkodò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ìgbà tó yá ni èmi náà tó mọ̀ ọ́n. Bàbá Gáspà ni olórí agbolé wọn, òun ló ń tọ́jú ojúbọ wọn lórí òkè. Ní agbolé yẹn, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kú nígbà tí irè ṣì wà lóko. Bó bá kú, àkọ́bí rẹ̀ ni yóò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, òun ni yóò da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ lé e, kò sì ní jáde nílé títí wọn yóò fi mọ ẹni tó máa rọ́pò. Ẹnikẹ́ni kò ní sunkún. Ìgbà tí irè bá délé tán ni wọ́n tó ń kéde pé bàbá kú lónìí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ń kọ sínú ìwé ìjọba. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ fún àjèjì láé pé ọjọ́ mìíràn wà. Ìdí nìyẹn tí Gáspà fi béèrè àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní bárékè tí kò lè sọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe, wọn ò sì fún un láyè. Oníṣòwò Mùsùlùmí ni bàbá tèmi nínú ìgboro, kí oòrùn tó wọ̀ la ti máa ń sin òkú tiwa. Ẹsẹ̀ àwọn òkè yìí ni wọ́n bí mi sí, mo ti jẹ iṣu wọn dàgbà, mi ò sì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wọn rí.

“Ṣé òótọ́ ni?” ni ọ̀gá náà bi Gáspà.

“Má bi í,” ni ìyá náà wí. “Òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Èmi náà ò gbọdọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà. Ìyà yòówù kí wọ́n fi jẹ mí, kò lè pẹ́ lórí mi. Òun ṣì kéré.”

Ọ̀gá náà bọ́ jígí ojú rẹ̀.

“Ìyá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa fọwọ́ sí i ní Cotonou ò rí yín, ìwé ni wọ́n máa rí. Ẹ jẹ́ kí àgbà méjì nínú ilé yín fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, kí wọ́n tẹ̀ka sí i. Ọkọ̀ ọ̀sán ọ̀la ni mò ń bá lọ. Bí mo bá ti lọ, ó parí nìyẹn.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kèrè. Àwọn àgbà jókòó, mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Mi ò tíì jìnnà tí ìyá àgbà fi ní, “Ràímì, o ti sọ̀rọ̀ tó fún òní.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo jókòó. Wọ́n ní ká máa lọ, pé àwọn fẹ́ gbìmọ̀. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ti àríwá dé lásìkò. Ọ̀gá ológun wọlé, ó jókòó, kò sì sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà Kèrè. Ojú irin kan ṣoṣo la ní. Ọkọ̀ kò lè kúrò ní gáà kan àfi tí gáà tó wà níwájú bá sọ lórí tẹlifóònù pé ọ̀nà ṣófo, èmi ni mo sì ń di tẹlifóònù náà mú. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọ̀nà ṣófo. Mo yíjú sí ọ̀gá gáà, mo ní, “Wọ́n ní ká ṣì dúró.” Irọ́ ni mo pa, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa jẹ́wọ́ rẹ̀ nìyí, torí àwọn tó lè lé mi níṣẹ́ ti kú tán. Awakọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wa, wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn táyà irin wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Ìgbà tó débi táyà tó kẹ́yìn ni mo rí wọn. Gáspà ló síwájú, ó gbé bàbá kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹnì kan sì gbé èkejì tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ti rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ ọ́. Wọn ò dárúkọ ikú. Olùkọ́ ti bá wọn kọ ọ́ pé àwọn ló pe Gáspà wálé ní oṣù Kẹsàn-án fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé àkọ́bí nìkan ló lè ṣe é, pé kò lè kọ̀, àti pé ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìjọba ni ọjọ́ tí gbogbo ìlú wá ṣe ìsìnkú. Wọ́n ti ìka bọ inú tàdáwà tí a fi ń tẹ òǹtẹ̀ gáà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Ọ̀gá ológun kà á láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ká a, ó fi sí àpò. Ó wá wò mí.

“Akọ̀wé, ṣé ọ̀nà ti wá ṣófo báyìí?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo ni, ọ̀gá.”

Lẹ́tà dé kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ ìwà burúkú rẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé Gáspà sìn dáadáa, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sórí àpò ẹ̀pà, ó bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Ọ̀gá gáà wọlé bá wa, ó ní ta ló kú. Mi ò mọ ìgbà mìíràn nínú gbogbo ìjà tí mo jà tí ara tù mí tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi.

Gáspà ṣọ́ ojú irin náà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àwọn kan nínú àwọn ará Tré àti Aklampa rí tiwọn gbà, àwọn mìíràn ò rí i gbà dòní. Oṣù méjì tí Gáspà lò ní àtìmọ́lé, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ lórí rẹ̀. Ní ti ìyá àgbà, agbolé ní kò gbọdọ̀ gun òkè lọ síbi ojúbọ fún ọdún mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí lọ́jọ́ ọdún, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ wá fún un. Kò ráhùn.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo gun orí àpótí, mo ní ẹgbẹ́ ló ja ìjà yìí, ẹgbẹ́ ló sì borí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Gáspà dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò dárúkọ ìyá mi.”

“Mo gbàgbé.”

“Ẹ dárúkọ rẹ̀ nígbà mìíràn.”

Kí ìgbà mìíràn tó dé, àwọn ológun tún ti gbàjọba, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ìpàdé mọ́. Kí wọ́n tó gbà wá láyè padà, ìyá náà ti kú. Mo ti sọ ìtàn yìí níbi púpọ̀ láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ ni mo sì ń dárúkọ. Ìdòwú lorúkọ ìyá náà. Kò mọ̀wé, kò sì wọ ẹgbẹ́ kankan rí. Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ara mi lè balẹ̀ tán.