Orúkọ Tí À Ń Pè Sínú Ìjì

Lọ́sàn-án àná, ìjì kan jà ní Ìlódè, ní Ifẹ̀ níbí, ó ń gbé páànù ilé wa sókè, ó ń dá a padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa sáré jáde, wọ́n na fóònù sí òjò, wọ́n ń yà á ní fọ́tò bí ìyàwó tuntun. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, ọmọbìnrin kan láti Ìlàjẹ létí òkun, kò ya nǹkan kan. Etí ló fi fóònù tirẹ̀ sí: "Mọ́mì, ṣé Dádì ti wọlé? Ṣé wọ́n ti dé èbúté?" Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni òkèlè ọwọ́ mi bọ́ padà sínú abọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìjì ò já mọ́ nǹkan kan lójú yín. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, agboolé wa á pa rọ́rọ́. Ìyá mi á fi aṣọ bo dígí, á pa iná ààrò, á gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹni tó ń gúnyán. Aṣọ pupa kì í dúró lára. Ọmọ tó bá súfèé, ìgbájú ni. Bí àrá bá sán, àwọn àgbà wa á rọra dárúkọ Ọ̀ràmfẹ̀, òrìṣà tó ni àrá ní Ifẹ̀, àwọn mùsùlùmí ilé kejì á ní "Súbúhànálláhì", àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà á kígbe "Kábíyèsí!" bí ẹni pé ọba ń kọjá lọ. Àwa ọmọdé á wà lábẹ́ ibùsùn pẹ̀lú òórùn eérú tútù àti ewúrẹ́ ilé tó sá wọlé bá wa, a ó máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wa, à ń rẹ́rìn-ín sínú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lé ewúrẹ́.

Báyìí la ṣe wà tí Ìyá Ẹlẹ́ja, tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó háyà yàrá kan nínú agboolé wa, fi mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìlàjẹ. Orímisàn lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi ni. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí bó bá ti lanu, èdè rẹ̀ là ń fi rẹ́rìn-ín. Wọn ò rán èmi àti òun nílé ìwé, nítorí náà àwa la jọ ń pọn omi, àwa la jọ ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, a sì jọ ń jí ìrù rẹ̀ jẹ.

Ìjì àkọ́kọ́ tó bá a nílé wa, bí gbogbo wa ṣe ń sá wọlé, òun ń sá jáde. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ó ń ké: "Bàbá o! Bàbá mi o!" Àwọn ọmọ ilé fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọmọ olómi, òjò ń pè ọ́ o, lọ dá a lóhùn!"

Èmi nìkan ló ṣàlàyé fún. Ó ní ní abúlé àwọn, bí ìjì bá ká àwọn apẹja mọ́ orí omi, òjò kì í jẹ́ kí wọ́n rí èbúté. Àwọn ọmọ ló ń dúró sétí omi, kálukú á máa pe ẹni tirẹ̀, kí onítọ̀hún lè fi ohùn mọ ibi tílé wà. Òun mọ̀ pé Ifẹ̀ jìnnà sí òkun, àmọ́ ta ni yóò pe bàbá òun nígbà tí òun ò sí nílé? Nígbà tí ìjì mìíràn jà, tí ìyá mi wà lóko, mo bá a jáde. Èmi náà ké: "Bàbá Orímisàn o!" Omi kún mi lẹ́nu, inú mi sì dùn ṣìnkìn. Ìyá mi dé, ó rí aṣọ mi tó tutù, ó fi pàṣán tọ́ mi dáadáa. Mi ò jẹ́wọ́ pé mo pe ẹnikẹ́ni.

Ìjì kẹta ló ba nǹkan jẹ́. Ó ṣí òrùlé Bàbá Àgbà, olórí agboolé wa, bí ẹni ṣí ewé ẹ̀kọ. Nígbà tí òjò dá, wọ́n bá Orímisàn láàárín àgbàlá níbi tó ti ń ké.

"Ta lò ń pè?" Bàbá Àgbà bi í. Ó fèsì, àmọ́ ẹkún àti èdè rẹ̀ dà pọ̀, kò yé wọn. Ó bá wojú mi. Bàbá Àgbà náà yíjú sí mi: "Ìwọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ta ló ń pè?"

Ìyá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yìn mi rántí pàṣán.

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

Wọ́n ní ìjì ló ń pè. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́ja tọjà dé, ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé títí. Wọ́n ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ní mọ̀ ni?" Wọ́n lé wọn; kò pé ọjọ́ márùn-ún tí Ìyá Ẹlẹ́ja àti Orímisàn fi kó ẹrù wọn. Orímisàn gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja rù, kò bojú wẹ̀yìn. Mi ò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò tún fojú kàn án títí dòní.

Lánàá, bí ìjì náà ṣe ń jà, mo bi ọmọ Ìlàjẹ yẹn bóyá wọ́n ṣì ń pe orúkọ létí omi. Ó rẹ́rìn-ín: "Háà, Màmá, Dádì mi ní fóònù." Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bo dígí mọ́, àwọn tó lé Orímisàn sì ti kú tán. Ṣùgbọ́n nǹkan kan náà lọmọ yẹn ṣe: ìjì jà, ó wá ẹni tirẹ̀.

Èmi ò ní nọ́ńbà Orímisàn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láyé. Mo bá dìde, mo fọwọ́ tọ ògiri, mo jáde sínú òjò. "Orímisàn o!" Ohùn mi ò lọ jìnnà. Ọmọ-ọmọ mi, tó ń bá mi kọ èyí, sáré da aṣọ bò mí.

"Màmá! Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́! Ta lẹ̀ ń pè?"

Ìbéèrè Bàbá Àgbà nìyẹn, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Omi ń ṣàn lójú mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti òjò.

"Ọ̀rẹ́ mi ni," mo ní. "Bàbá rẹ̀ ló ń pè lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀."