Àpótí Tí Bàbá Dùbúlẹ̀ Sí

Bàbá mi àgbà dùbúlẹ̀ gbalaja sínú àpótí náà, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó sì di ojú. Ẹ̀rún igi ìrókò lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, igbá omi tí wọ́n ní kí n gbé fún un wà lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀ bóyá kí n kí i tàbí kí n sá.

"Ìyá mi," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, ó ní láìlajú, "wá síbí. Ki ọwọ́ bọ àárín orí mi àti pákó. Ìka mélòó ló gbà?"

Mo gbé omi kalẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Mẹ́rin, Bàbá."

"Ó dáa. Àyè ṣì wà."

Ó dìde, ó gbọn ara, ó mu omi rẹ̀, ó sì tún gbé ìfági.

Bẹ́yẹrúnkà ni agbolé wa wà. Káfíńtà ni Bàbá, òun ló sì kan ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán ni ayùn rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀, hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀, bí ẹni tó sun oorun àìsàn, a ó sì máa gbọ́ ọ títí tí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Òórùn ìrókò tútù máa ń wọ inú ẹ̀kọ wa. Bí ó bá ń kan ìṣó, ó máa ń fi mẹ́ta há ètè, nítorí náà imú ló fi ń dá ènìyàn lóhùn.

Ìránṣẹ́ kan láti ọ̀dọ̀ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ló gbé iṣẹ́ àpótí yẹn wá. Ó dé fìlà pupa, ó sì ń kánjú. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ àpótí gígùn tó ní ìdérí, tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin nísàlẹ̀, àti ọwọ́ tí wọn yóò fi máa tì í. Nígbà tí Bàbá béèrè bí yóò ṣe gùn tó, ọkùnrin náà họ orí. Òyìnbó sọ iye rẹ̀, ó ní, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lórí òun lọ́nà. Ó wá wo Bàbá látòkè délẹ̀.

"Òpó tó gùn jù nínú ẹrù náà ga tó yín, Bàbá. Ẹ sáà ṣe é kó gbà yín."

"Kí ni wọ́n fẹ́ kó sí i?"

"Nǹkan eré."

"Eré àwọn ọmọ wọn?"

"Eré tiwọn fúnra wọn ni."

Bàbá wò ó bí ẹni ń wo igi tí ikán ti jẹ nínú. Nígbà tí ìránṣẹ́ náà lọ tán, ó sọ fún bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ yìí kò yé òun. Bàbá mi ní, "Tó bá jẹ́ ìbọn ni wọ́n fẹ́ kó síbẹ̀ ńkọ́?" Bàbá mú pákó, ó ń fi àtàǹpàkò tọ ojú igi lọ.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé adìyẹ lọ́rọ̀ lẹ́nu jù mí lọ. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi dùn mọ́ mi, lọ́jọ́ tí Bàbá dùbúlẹ̀ sínú àpótí, nígbà tí obìnrin ilé kejì yíjú sí mi ní ìdí kànga.

"Kí ni Bàbá yín ń kàn látàárọ̀ tó ń pariwo báyìí?"

"Àpótí ni," mo ní. "Bàbá dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ní àyè ṣì wà."

Okùn kànga dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Àyè kí ni?"

Mo ti gbé omi mi rù.

Kò pẹ́ rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń di òkú, wọn a sì gbé e fún ilẹ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sin òkú wọn sínú pósí. Àgbàlagbà mùsùlùmí tó wá kan àpótí gígùn, tó sì dùbúlẹ̀ wọn ara rẹ̀, kí ni ká ti pe ìyẹn? Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ dáadáa, wọ́n ti ní Bàbá ti lọ gba ẹ̀sìn ṣọ́ọ̀ṣì níkọ̀kọ̀. Ẹnì kan béèrè pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ìdáhùn ti wà nílẹ̀: ó mọ̀ pé kò sí mùsùlùmí tí yóò gbé òun, ìyẹn ló fi so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, kí wọ́n lè tì í lọ.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà wò wá. Obìnrin kan wá tọrọ ẹ̀yín iná, ó wo àpótí tẹ́rùn, ó sì gbàgbé iná síbẹ̀. Ọkùnrin kan ní ewúrẹ́ òun sọnù, ó wá ń na ọrùn wo inú àpótí.

"Ewúrẹ́ yín ló ga tó báyìí?" Bàbá bi í, ìṣó lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ní mọ́ṣáláṣí, bàbá mi sọ pé ọkùnrin tó máa ń fi èjìká kan èjìká Bàbá lórí ìrun ti ń fi àyè sílẹ̀.

Ohun tó bà wá lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, àbíkẹ́yìn Bàbá. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ààfáà kan ní Òkè Mápó. Ó ti kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wé gèlè rẹ̀ kí n lè bá a wé e lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Àlàmísì, ọ̀sẹ̀ kan ó lé ọjọ́ kan sí yìgì, ààfáà náà dé pẹ̀lú àgbà méjì. Wọn kò jókòó. Wọ́n dúró yí àpótí ká.

"Bàbá Káfíńtà, a gbọ́ ọ̀rọ̀ kan," ni ààfáà wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́. Nǹkan eré òyìnbó ni wọn yóò kó sí i."

"Eré wo ni àgbàlagbà ń ṣe tí nǹkan eré rẹ̀ yóò gba ohun tó gùn tó ènìyàn?"

"N kò tíì rí i."

"Wọ́n ní ẹ dùbúlẹ̀ wò ó."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n."

"Àsìtàgàfúrúlàì!" Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà sún sẹ́yìn.

Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ń retí kí Bàbá béèrè ẹni tó sọ fún wọn. Kò béèrè. Ààfáà ní òun kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n yìgì yóò dúró ná, títí òun yóò fi fi ojú òun rí ohun tí wọ́n kó sínú àpótí yìí.

"Ọ̀la kọ́, ọ̀túnla ni mo fẹ́ tì í lọ," Bàbá ní. "Ẹ bá mi lọ."

Nínú yàrá, àbúrò bàbá mi ń tú aṣọ rẹ̀ ká, ó sì ń tún un ká. Kò sunkún. N kò lè wo ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbọn ni, tàbí tó bá jẹ́ pósí ni ní tòótọ́, kò ní sí ìyàwó, ẹnu mi ló sì ti jáde.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá ṣí ìdérí sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Bàbá mi wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ààfáà àti àwọn àgbà rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè, èmi náà sì yọ́ tẹ̀ lé ààfáà. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onígi náà ń dún gìrìgìrì lórí òkúta. Nígbà tí a dé Bẹẹrẹ, àwọn tó ń tajà dìde.

"Bàbá, ta ló kú o?"

"Ẹ gbé wa díẹ̀, Bàbá! Ẹsẹ̀ ń ro wá!"

Bàbá dúró. Ó tọ́ka sínú àpótí. "Ó yá, bọ́ sí i."

Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ náà sá wọ àárín àwọn ẹlẹ́pà, gbogbo ọjà sì fi í ṣẹ̀rín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Òógùn ti mú ẹ̀yìn agbádá rẹ̀, mo sì rí i tó wo ọ̀nà iwájú, tó tún wẹ̀yìn wo ààfáà, kó tó tún tì í lọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òun pàápàá kò mọ ohun tí a ó bá lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ ìránṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé yìgì ọmọ rẹ̀ lé.

Pápá kan ni a dé, lọ́nà Àgodi, tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òyìnbó ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà níbẹ̀, aṣọ wọn funfun. Ìránṣẹ́ olófìlà pupa kó ẹrù wá: òpó méjì, àwọ̀n gígùn kan bí ti apẹja, àwọn igi ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí wọn dà bí asẹ́, àti àpò bọ́ọ̀lù kéékèèké. Ó tò wọ́n sínú àpótí, òyìnbó tì í lọ tì í bọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ Bàbá lọ́wọ́. Ààfáà sún mọ́ ọn. Ó ki ọwọ́ bọ gbogbo igun àpótí, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀, òórùn ìrókò nìkan ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún kó gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n ta àwọ̀n, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù síra wọn nínú oòrùn.

"Kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́?" ààfáà bi ìránṣẹ́ náà.

"Kò sí, ààfáà. Ojoojúmọ́ ni."

Ààfáà rẹ́rìn-ín títí tó fi fi etí aṣọ nu ojú. Lọ́nà ilé, òun ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ó ní kí yìgì wà ní ọjọ́ Jímọ̀ bí a ti dá a tẹ́lẹ̀, ohun gbogbo ti tán. Bàbá dá a lóhùn pé àmín.

Nígbà tí a délé, ó pe ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ohun tó bi í, bẹ́ẹ̀ ni bàbá kì í sáábà bi ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

"Wọ́n ti rí i, wọ́n sì ti gbà. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ṣì fẹ́?"

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ọmọ wọn kò sí lára àwọn tó wá wo àpótí. Mo fẹ́ ẹ."

"Ó dáa. Bísímílà."

Wọ́n so yìgì náà, èmi ni mo sì bá a wé gèlè. Bàbá máa ń lọ kí wọn ní Òkè Mápó, ó máa ń bá ààfáà kírun, yóò béèrè àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ dé, á ní òun gbààwẹ̀. Títí tó fi kú, ààwẹ̀ rẹ̀ kò tán nínú ilé yẹn.

Mo ṣì ń lọ kí àbúrò bàbá mi. Bó bá ti rí mi, yóò bu oúnjẹ tó pọ̀ ju agbára mi lọ. "Jẹ ẹ́ o," yóò ní. "Bàbá kò jẹ oúnjẹ ilé mi rí kó tó lọ. N kò mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn síta, Ọlọ́run yóò bi í. Ìwọ máa bá mi jẹ tìrẹ àti ti Bàbá." Mo máa ń jẹ ẹ́ tán, mo máa ń fọ abọ́ náà fún un. Mo ti la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì láti sọ fún un, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo sì tọrọ omi.