Pèrègún tí mo fọwọ́ ara mi gbìn

Àbúrò bàbá mi ti kú, mi ò sì ní torí ìyẹn purọ́: mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó wà láyé, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nísinsìnyí. Bí ẹ bá gbọ́ tí n ò fi "wọ́n" pè é, kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé.

Ọdún tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá mi ti kú, kòkó tó fi sílẹ̀ lábúlé wa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni màmá mi fi ń bọ́ àwa mẹ́rin. Oko àbúrò bàbá mi ló bá tiwa pààlà. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó ru ìdì igi pèrègún kan wá bá mi.

"Ewúrẹ́ ń wọ inú kòkó yín. Gbin èyí láti etí odò dé ìdí ọ̀pẹ. Ohun tí ìwọ bá gbìn kì í kú."

Orí mi wú. Mi ò bi í pé níbo ló ti gé e. Òmùgọ̀ ni mí.

Ìyá mi náà gbà pé ọgbà ewúrẹ́ ni, òun ló sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbìn ín: gé e ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan, tẹ́ ẹ sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú ibi tí o gé gbẹ, fi eérú pa á, kí o wá fi àfọ́kù ìkòkò sábẹ́ rẹ̀ kí ikán má baà jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀. Mi ò rí àfọ́kù ìkòkò lọ́jọ́ yẹn. Àfọ́kù àwo ni mo ṣà lẹ́yìn ilé ìdáná àbúrò bàbá mi, àwo tánganran olódòdó pupa tó rà bọ̀ láti Òṣogbo, tó fi ń yangàn. Ìyàwó rẹ̀ ló fọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, gbogbo abúlé ló sì gbọ́ bó ṣe bú u.

Ìkankan nínú wọn ò kú. Lọ́dún kẹta, wọ́n ti ga jù mí lọ. Ìgbà yẹn ni àbúrò bàbá mi lọ pe Lọ́jà, olórí abúlé wa, àtàwọn àgbà. Lọ́dọ̀ wa, pèrègún ni ààlà: ibi tó bá dúró sí, oko tìrẹ tán níbẹ̀. Ó ní bàbá àwọn ló gbìn ín kí wọ́n tó bí mi. Bí wọ́n bá gbà á gbọ́, ìdajì kòkó wa lọ nìyẹn. Ìgbà náà ló tó yé mi pé pèrègún ààlà gidi ló gé, tó hú gbòǹgbò rẹ̀ sọnù, tó wá fi ọwọ́ mi gbìn ín sí àárín oko ìyá mi. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Mo ní, "Èmi ni mo gbìn ín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá rẹ ló kọ́ ọ ní irọ́ yìí."

Ìyá mi tó dárúkọ yẹn ló bà á jẹ́. Mo ní, "Lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n hú ọ̀kan. Bí ẹ ò bá bá àfọ́kù àwo olódòdó pupa nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé gbogbo oko náà fún àbúrò bàbá mi." Màmá mi fà mí láṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde.

Wọ́n fi ọkọ́ wa ìdí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ. Gbòǹgbò ti wé mọ́ àfọ́kù náà. Lọ́jà fi àtàǹpàkò nu erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì nà án sí ìyàwó àbúrò bàbá mi.

"Ṣé o mọ èyí?"

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀ títí. "Àwo tí wọ́n torí rẹ̀ bú mi ni."

Kòkó wa ò lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi kọjú sí mi níwájú gbogbo wọn, ó ní ọwọ́ mi ò ní gbin ohun rere mọ́ láyé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gé ègún fún bẹ́ẹ̀.

Mo gé orí pèrègún tí wọ́n hú, mo fi eérú pa á, mo sì gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àfọ́kù àwo náà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti mú nídìí pèrègún híhú kò tún lè hú òmíràn lójú abúlé. Ó hù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ gbà.