Ọjọ́ tí Àna Mi Jókòó Lé Àpò Gọ́ọ̀fù Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Jóbọ̀gì níbí, nítorí bí mo bá dá a gbé sínú, inú mi á bẹ́! Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, tí mọ́tò bá dúró. Àwọn tó wà nínú mọ́tò ẹ̀gbẹ́ mi á máa wò mí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé gọ́ọ̀fù ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ ni o, kì í ṣe eré! N'Íbàdàn, àpò àwọn ọ̀gá ni mo kọ́kọ́ ń gbé kí n tó di ẹni tó ń gbá a fúnra mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá tour, ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun, kiri: Kenya, Egypt, Mauritius, títí dé àwọn ìlú tí wọ́n máa ń yí pásípọ́ọ̀tù mi wò lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ní kí n kọjá. Randburg ni èmi àti Bùnmi ìyàwó mi ń gbé.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Lópin ọdún, wọ́n á to orúkọ gbogbo wa, wọ́n á sì fa ìlà kan. Bí o bá bọ́ sísàlẹ̀ ìlà yẹn, káàdì rẹ ti lọ, o ò ní bá wọn gbá tour lọ́dún tó ń bọ̀. Ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún yìí, Jóbọ̀gì níbí la ti gbá a, orí ìlà gan-an ni mo sì wà! Bùnmi ti bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé bí káàdì bá lọ, kí n gba iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí ní Roodepoort, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ olówó bí wọ́n ṣe ń di igi gọ́ọ̀fù mú. Mi ò bá a jà, ó ti fara dà á fún mi tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, ọjọ́ àṣekágbá, ni Themba pè mí. Themba ni caddie mi, òun ló ń gbé àpò mi, òun ló sì ń gbà mí nímọ̀ràn igi tó yẹ kí n fi gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní inú ń run òun, òun ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. “Eish, my brother, I'm finished,” ohun tó ń wí ṣáá nìyẹn. Mo pe ènìyàn mẹ́rin nínú ìjọ wa kí wọ́n wá bá mi gbé àpò, gbogbo wọn ní àwọn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni Bùnmi ṣe? Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀!

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n yìí jẹ́. Bọ̀dá Àkànní ni àkọ́bí ìyá wọn, díákónì ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, Turffontein ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí mo lọ tọrọ Bùnmi, àwọn ni wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, tí wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní gọ́ọ̀fù ni. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ìyẹn ti Sátidé, ti Mọ́ńdè ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè wo ojú wọn tààrà.

Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀ dé: léèsì aláwọ̀ ewé, fìlà, bàtà tó ń dán. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje fún wọn ní ẹ̀wù àwọ̀lékè tí caddie máa ń wọ̀, èyí tí orúkọ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Bọ̀dá yí i wò, wọ́n rí orúkọ mi. Wọ́n ní ṣé kí àwọn tí àwọn gba ẹrù ìdána lọ́wọ́ mi wá máa pọn orúkọ mi kiri bí ọmọ? Wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀wù síwájú, wọ́n wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn sàn díẹ̀.

Ó wá ku àpò. Igi mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, yàtọ̀ sí omi àti aṣọ òjò. Caddie ló yẹ kó gbé e. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ dáhùn: ta ni yóò di ẹrù lé àna rẹ̀ léjìká lójú gbogbo ayé? Àna tí orúnkún ń dùn! Bọ́wọ́ Bọ̀dá ṣe ń lọ síbi àpò ni tèmi ti débẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, sà. Wọn ò sì yọ ara wọn lẹ́nu mọ́ títí a fi parí!

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ o. Bọ̀dá níwájú lábẹ́ agbòjò, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àpò. Ọmọ Sweden tí a jọ ń gbá ń wò wá. Àwọn tó wá wòran ń pàtẹ́wọ́ fún Bọ̀dá, Bọ̀dá ń juwọ́ sí wọn. Obìnrin kan ní kí wọ́n bá òun fọwọ́ sí fìlà ọmọ òun. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n tún gbàdúrà lé e.

Ní ihò kẹta nínú méjìdínlógún tí a ní láti gbá bọ́ọ̀lù sí, bọ́ọ̀lù mi wọ inú koríko gíga. Gbogbo wa ń wá a. Lójijì ni Bọ̀dá na ọwọ́ sókè, bọ́ọ̀lù mi wà nínú rẹ̀! “Mo ti bá ẹ rí i o!” Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó gbá díẹ̀ ló ń borí, bí caddie rẹ bá sì gbé bọ́ọ̀lù rẹ nílẹ̀ báyẹn, wọ́n á fi ẹyọ kan kún iye tí o gbá. Kí ni kí n ṣe? Kí n pariwo mọ́ wọn? Mo tẹ̀ ba, mo ní ẹ ṣeun, sà.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì parí, gbogbo ìjọ dé. Àwọn mẹ́rin tí mo pè láàárọ̀ náà wà níbẹ̀! Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè kọjá láìkí ènìyàn? Àwọn ìyá ń kúnlẹ̀ kí díákónì, díákónì ń béèrè ọmọ, ń béèrè iṣẹ́, èmi náà ń dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Rẹfirí wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ le, gbé aago jáde. Ó ní a ti ń pẹ́ jù, pé ogójì ìṣẹ́jú àáyá ni mo ní fún ìgbá kọ̀ọ̀kan. Mo kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní bí mo bá tún kọjá rẹ̀, òun á fi ẹyọ kan kún tèmi.

Ní ihò kẹẹ̀ẹ́dógún, adágún odò wà níwájú. Bọ̀dá rọra bi mí pé ṣé dandan ni ká fò ó lẹ́ẹ̀kan náà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, igi ńlá ló tọ́ sí i. Mo gbá a. Jàbú! Ó di inú omi. Bọ̀dá kàn ní “Hmm.”

A wá dé ihò ìkẹyìn. Bí mo bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin wọlé, káàdì mi dúró. Bó bá di márùn-ún, ó dìgbóṣe, Roodepoort yá! Omi tún wà níwájú. Ọmọ Sweden kọ́kọ́ gbá tiẹ̀ pẹ̀lú igi ńlá, tiẹ̀ náà wọ omi. Ó kàn mí. Igi nọ́ńbà méje, tí kì í gbé bọ́ọ̀lù jìnnà tó igi ńlá, ni mo fi ń na apá, òun ló wà lọ́wọ́ mi. Mo yí padà kí n mú igi ńlá.

Bọ̀dá jókòó lé àpò! Wọ́n ti dà á dùbúlẹ̀, wọ́n jókòó bàm̀bàm̀ lé orí àwọn igi náà, fìlà ti bo iwájú orí, ojú dì pa. Rẹfirí ń wo aago.

Ẹ dìde, sà. Ṣé ọ̀rọ̀ tó le nìyẹn? Kò jáde! Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́. Níkẹyìn mo ní, “Bọ̀dá, ẹ kú ìjókòó o.”

Wọn ò lajú. “O ṣé, ọmọ mi.”

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló kù. Mo fi igi tó wà lọ́wọ́ mi gbá a. Ìlú yìí ga, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù máa ń fò kọjá ibi tí o rò. Ó fò, ó fò, ó balẹ̀, ó ń yí lọ, ó dúró létí omi! Orí koríko gbígbẹ! Nígbà náà ni Bọ̀dá jí, wọ́n dìde, wọ́n sì gba iwájú lọ. Láti ibẹ̀ ó rọrùn láti gbé e kọjá omi. Mo gbá ìkẹrin, ó wọlé ràì.

Bùnmi ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bọ̀dá lórí koríko. Àwọn tó ń ṣètọ́jú aláìsàn rò pé mo dákú, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn wá, wọ́n ń wò bóyá ọkàn mi ṣì ń lù! Bọ̀dá ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ara mi yá, mo kàn ní ẹ̀kọ́ ilé ni.

Nílé, bí a ṣe ń jẹun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí orúnkún Bọ̀dá dùn wọ́n lásìkò yẹn. Wọ́n gbé ṣíbí dúró, wọ́n ní orúnkún wo? Wọ́n ní àwọn bi mí léèrè nídìí omi àkọ́kọ́, mo fi gọ́ọ̀fù dá àwọn lóhùn. Bí àwọn bá tún sọ ọ́, mi ò ní gbọ́, torí èmi ni mo mọ gọ́ọ̀fù. Ṣùgbọ́n àwọn mọ̀ mí dáadáa, mi ò ní láyà láé láti ní kí àwọn dìde, ìdí nìyẹn tí àwọn fi jókòó lé àwọn igi ńlá.

Bùnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi dìde nídìí tábìlì. Bọ̀dá nu ọwọ́, wọ́n wò mí. “Ti Mọ́ńdè ńkọ́? Aago mélòó la ń lọ síbi iṣẹ́?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún mọ́kànlá ni mo fi rò pé ọkùnrin yìí ò ka iṣẹ́ mi sí. Ohun tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn àgbà ló ń gba ẹnu jáde, òmíràn á kàn jókòó ni. Themba ti gbádùn, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sọ fún un pé ó ti ní ọ̀gá báyìí. Ó ní shap, pé kò burú.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni àna yín ti jókòó lé rí tí ẹ ò lè ní kí wọ́n dìde? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí o, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan!