Àṣẹ Tí Wọ́n Fi Orúkọ Sìlífátù Pè

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe nílé tí wọ́n bí Sìlífátù sí ní Ìtòkú, ohun tó sì kọ́kọ́ kọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni pé aláró kì í sọ gbogbo rẹ̀ fún àlejò. Bí oníbàárà bá béèrè bí aró ṣe ń dúdú, wọn á sọ ti ewé èlú, wọn á sọ ti eérú. Ohun kan á kù tí wọn kò ní dárúkọ. Wọn ò purọ́. Wọ́n kàn fi ìdérí bo ìkòkò ni.

Ó kàwé díẹ̀, ó ṣe àdìrẹ títí ọjà rẹ̀ fi dorí kodò, ọkọ rẹ̀ sì kú. Ó wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Alájì Láwàlì ní Láfẹ́nwá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìtébíláísà, ẹ̀rọ tó ń gba fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ iná tó ń lọ sókè sódò. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí bàbà bò lójú. Wọ́n á fi ọ̀dà ya ọ̀nà tí iná máa gbà sórí bàbà, wọ́n á sì rì í sínú áásìdì. Áásìdì á jẹ bàbà tó wà ní ìhòòhò, èyí tí ọ̀dà bò á ṣẹ́ kù, òun ni iná á máa gbà kọjá. Nígbà tí Sìlífátù kọ́kọ́ rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ àti aró náà ni: ibi tí wọ́n bá fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sí lára aṣọ, aró kì í mú un. Ó mú ìyẹ́ adìẹ wá láti ilé, ó tì í bọ ọ̀dà, iṣẹ́ yíyà sì di tirẹ̀. Òun ló fi tọ́ Mọ́ṣúdù ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún 1988, Alájì ra kọ̀ǹpútà, ó fi í sọ́wọ́ Dìran, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kẹ́kọ̀ọ́ iná ní ilé ìwé gíga. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tó ń ya ọ̀nà iná, àmọ́ yíyà rẹ̀ kò bá ti ilé iṣẹ́ náà mu, Sìlífátù kò sì kà á sí. Ìgbà tó yá, ètò tuntun dé láti òkè òkun. Èyí fàyè gba ẹni tó ni ín láti kọ àṣẹ tirẹ̀ kún ti àwọn tó ṣe é, kí ó lè máa ya nǹkan bí ẹni náà ṣe fẹ́. Bí Dìran ṣe ka ìyẹn tán ló gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìlífátù.

“Ìyá Mọ́ṣúdù, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi yí ọ̀nà yìí báyìí, tí ẹ ò ṣẹ́ ẹ ní igun?”

“Áásìdì máa ń jẹ abẹ́ igun.”

Dìran á lọ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, á tún padà. “Èyí ńkọ́? Kí ló dé tó fi nípọn?”

Mọ́níkẹ́, tó ń fi òjé yíyọ́ lẹ wáyà mọ́ pátákó níwájú wọn, kò gbójú sókè. “Ẹ máa sọ fún un o. Tó bá kó ọwọ́ yín tán sínú àpótí yẹn, inú ibẹ̀ la ó ti máa wá kí yín.”

“Ojú iṣẹ́ ẹ ni kí o wò, kí òjé má jó ọ.”

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bí àpótí bá mọ ohun tí òun mọ̀, kí ni Alájì tún fẹ́ fi òun ṣe? Ìkíni Dìran pàápàá wá di ohun ìfura lójú rẹ̀. Ta ló ń kí aláró tó bẹ́ẹ̀ láìwá nǹkan?

Ni ó bá bo ìkòkò. Níbi tí iná ńlá ti ń wọlé, ó máa ń fi àlàfo gbòòrò sílẹ̀ láàárín ọ̀nà kan àti èkejì, torí bí ọ̀rinrin bá wọ ẹ̀rọ nígbà òjò, iná lè fò kọjá, kí ilé sì gbaná. Nígbà tí Dìran béèrè ibẹ̀, ó ní, “Bí ọwọ́ ṣe bá a lọ ni.”

Dìran gbé àga rẹ̀ padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ọkàn Sìlífátù kò balẹ̀, àmọ́ ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé pátákó kankan kò ní jáde láìkan òun lọ́wọ́. Òun á rí àṣìṣe náà, òun á tún un ṣe, Alájì á sì fojú ara rẹ̀ rí i pé àpótí kò ṣeé dá fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí pátákó tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ yà jáde nínú áásìdì, Alájì fúnra rẹ̀ ló gbé e fún un. Sìlífátù gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Àwọn ọ̀nà náà yí bí tirẹ̀. Kò dúró lórí ìyẹn. Ó wo ibi tí iná ńlá ń gbà wọlé. Àlàfo wà níbẹ̀, ó gbòòrò bí tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó yíjú sí Mọ́níkẹ́. “Ìwọ lo sọ fún un?”

“Kí ni mo mọ̀ tí mo fẹ́ sọ? Òjé ni tèmi.”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, mà,” ni Dìran wí. “Ó wà nínú ìwé tí a kà.”

“Kí lo wá ń bi mí sí?”

Dìran wo Alájì. Alájì ń wo tẹ̀sùbáà rẹ̀. “Alájì ní ọmọ aláró ni yín, pé ẹ ò ní sọ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa fi pa mọ́ ni. Àwọn tí kò sí nínú ìwé ni mo nílò, ẹ sì ti sọ wọ́n.”

“Aláró ló bí ìyá tèmi náà,” ni Alájì wí, ó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in.

Dìran mú Sìlífátù lọ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ SILIFA, àwọn ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹ̀rọ, wọ́n ń yí bí ìgbà tí ìyẹ́ adìẹ bá ń lọ. “Orúkọ yín ni mo fi pe àṣẹ náà.”

“Wọ́n ti sọmọ lórúkọ,” ni Mọ́níkẹ́ wí. “Àkàrà dà?”

Sìlífátù kò wò ó. “Tí n kò bá sí níbí, tí ẹlòmíì pe orúkọ yẹn, ṣé á dáhùn?”

“Á dáhùn.”

“Ẹnikẹ́ni?”

“Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ̀ ẹ́.”

“Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ o,” ni Alájì wí.

Sìlífátù yíjú sí i. Títí di ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ti dárúkọ lílọ. Ó nu ọ̀dà kúrò lára ìyẹ́ adìẹ rẹ̀, ó fi í há etí gèlè.

“Dìde, Ẹnjiníà. Fi ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ hàn mí. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pè é o. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́.”

Dìran fi hàn án. Ó pẹ́ kó tó mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, àmọ́ kò dìde. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Ásárì, Alájì jáde, Sìlífátù ṣì ń fi ìka kan tẹ nǹkan.

“Kí lẹ ń fi kún un, mà?” ni Dìran béèrè.

“Bí ọwọ́ ṣe bá a lọ ni,” ó wí, ó sì sún àga síwájú kí èjìká rẹ̀ lè bo ojú ẹ̀rọ.