Obì Tí Akọ̀wé Àgbà Là

Akọ̀wé àgbà ọ́fíìsì wa ní èbúté Port Harcourt ló kọ́kọ́ fojú mi gbolẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n òun ni kí n fi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1969 ni. Ogun kò tíì parí, àmọ́ ó ti kúrò nígboro, ọkọ̀ òkun sì ti tún ń gúnlẹ̀. Èkó ni wọ́n ti gbé ọkùnrin yìí wá. Èmi, Port Harcourt ni wọ́n bí mi sí: Yorùbá ni bàbá mi, Ikwerre, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ni ìyá mi. Wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ tẹ̀wé fún oṣù mẹ́ta láti fi dán mi wò. Ọwọ́ akọ̀wé àgbà ni ìwé tí yóò sọ bóyá n ó dúró tàbí n ó lọ wà.

“Àmúlùmálà!” Bó ṣe ń pè mí nìyẹn. “Ẹ wá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀wà gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀!”

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù á bú sẹ́rìn-ín. Ìwé tí mo kà ju ti méjì nínú wọn lọ, síbẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé tábìlì mi sí, lẹ́bàá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn ará ìyá mi máa ti ẹnu mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì.

Ní oṣù kẹta, olórí àwọn lébìrà, bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ará Ikwerre, wá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ kan tó fẹ́ já ẹrù. Akọ̀wé àgbà fẹ́ yẹ́ ẹ sí. Ó ra gbànja, ó là á, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo. Bàbá náà wo àwo yẹn, ó dìde.

“Na so una dey welcome person?”

Ó jáde, gbogbo lébìrà sì bá a lọ. Ọkọ̀ dúró gbọnin.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé àgbà wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Kí ni mo ṣe fún bàbá yẹn gan-an?”

Mo kọ́kọ́ parí ìlà tí mò ń tẹ̀. “Ọ̀gá, wọn kì í fi gbànja gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Obì àbàtà ni, odidi. Àgbà ló máa gbàdúrà sí i kí wọ́n tó là á.”

“Ìwọ kúkú lọ gbé e fún un.”

“Obìnrin kì í gbé obì síwájú àgbà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin lẹ ó gbé e. Èmi ó jókòó tì yín, n ó máa túmọ̀.”

Báyìí ni mo ṣe jókòó nínú ọ́fíìsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Akọ̀wé àgbà ránṣẹ́ pe bàbá náà padà, ó sì gbé odidi obì àbàtà síwájú rẹ̀. Àdúrà bàbá náà gùn. Láàárín rẹ̀ ni mo rí ọwọ́ akọ̀wé àgbà tó ń yọ́ lọ síbi ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obì. Mo fi gìgísẹ̀ bàtà mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ìbínú oṣù mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn lébìrà ti wà nínú ọkọ̀.

Akọ̀wé àgbà kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi títí tó fi padà sí Èkó, inú sì ń bí mi di òní. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oṣù mẹ́ta náà pé, ó fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó nàka sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tirẹ̀, ó ní:

“Gbé ẹ̀rọ rẹ wọlé. Bí mo bá tún fẹ́ ṣìwà hù, tètè tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, rọra.”